Ọmọ Tó Mojú

Ẹnu mi ni Fisáyọ̀mi tún ń wò. Kí ló ń wá lẹ́nu mi? Ojú ni kó wò, ojú... háà, èmi Mojíre, ojú wo? Èyí tó kú sójú kan yìí?

Àwo ẹran ti wà níwájú ẹ̀. Ìyá Moyinolúwa, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló nà án sí i, wọn ò sì tíì gbọ́wọ́ kúrò. Méjì ni àwo náà lójú mi. Fisáyọ̀mi náà, méjì. Tí mo bá ti wo ìsàlẹ̀ báyìí, ojú ọ̀tún á lọ, tòsì á dúró gbagidi — ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí á wá di méjì.

Wọ́n ń dán an wò ni. Mo mọ̀ wọ́n. Nígbà tí a wá lọ́jọ́ Àjíǹde, ọmọ náà kọ́kọ́ wojú mi, bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo yí ojú sókè pé kó kọ̀ ọ́. Ọ̀tún lọ, òsì dúró sórí àwo. Apá òsì mi ni ọmọ wà, ojú òsì ló rí... ó bá kiwọ́ bọ àwo. “Ìyàwó, ṣé ẹ kì í fún ọmọ yìí lẹ́ran nílé ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fisáyọ̀mi sunkún délé. Kò ṣẹ̀. Ojú mi ló parọ́ fún un.

Ọ̀kadà tí mo gùn ní Edúnàbọ̀n ṣáájú Àjíǹde... ká ní mo mọ̀ ni, ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi rìn. Ọwọ́ ọ̀kadà ló gbá mi lábẹ́ ojú òsì bí a ṣe ṣubú. Dókítà ní, “Egungun ibẹ̀ fẹ́lẹ́, mà. Ó sán, iṣan tó ń yí ẹyinjú yín sì há sáàárín ẹ̀.” Wọ́n ti yọ ọ́ níbi tó há sí, ṣùgbọ́n ó ti fara pa. Ó lè padà, ó lè má padà. Ó ní kí n ní sùúrù. Sùúrù dà, nígbà tí...

Áà, ojú mi àtijọ́! Mo kàn máa fi ṣe báyìí sẹ́nu ọ̀nà ni, ọmọ á dìde, á lọ kí àlejò. Mo yí i sókè — á fi ṣíbí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé a sọ̀rọ̀. Ó ń wù mí. Ọlọ́run, ó ń wù mí débi pé mò ń lálàá ẹ̀. Ẹnu ni mo wá fi ń pariwo lé e lórí báyìí.

Kò tiẹ̀ fẹ́ jókòó lápá òsì mi mọ́. Nínú takisí tó gbé wa wá sílé wọn ní Ẹnuwá níbí, ó gun ẹsẹ̀ mi kọjá sápá ọ̀tún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bákan náà. Lórí bẹ́ẹ̀dì, bákan náà. Ẹ̀rù ojú mi ń bà á. Mi ò dá a lẹ́bi, ó ń ba èmi náà nínú dígí.

Ó dìde. Níbo ló ń lọ? Má gbà á o, Fisáyọ̀mi, jọ̀ọ́, má... Kò lọ síbi àwo. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ó yí mi po, ó dúró lápá ọ̀tún, ó gbójú sókè. Ojú ọ̀tún ló ń wò. Òun nìkan. Ó ń dúró dè mí.

Háà... ojú tó ṣì ń sọ̀rọ̀ ló ń wá kiri látọjọ́ yìí. Nínú takisí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń pè é ní ẹ̀rù.

Mo yí i sókè. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Ẹ ṣé, mà. Mo ti yó.”

Irọ́ gbuu! Ọmọ tí ò tíì jẹun láti àárọ̀. Méjì ló ṣì dúró síwájú mi, àwọn méjèèjì ló sì gbọ́ mi.