Káfíńtà Tó Ń Wá Ibi Gbígbẹ

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi, tọmọdé tàgbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí títí di òní, tó sì fún wa ní òrùlé tí a ń sùn sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín.

Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pákó. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti fi ogójì ọdún kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìpínlẹ̀ wọn kò tóbi rárá. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní etí òkun láàárọ̀ kùtù yóò la pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá, yóò sì ti gun òkè dé òpin rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n bó ti kéré tó yẹn, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò bára mu. Ní etí òkun, iyọ̀ inú àwo kì í gbẹ. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, eruku ni, ètè ẹni a sì máa gbẹ tí yóò fi sán. Ní ti òkè, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọkọ rẹ̀ náà kò pè é lórúkọ mìíràn. Òun ló máa ń gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ikọ́ fée mú un, nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, kò lè kọ ẹsẹ orin kan tán láì fọwọ́ di àga mú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn, ó wá kọjú sí ọkọ.

“Bàbá, ọ̀rinrin etí òkun yìí ló ń há wọn láyà. Ẹ gbé wọn lọ síbi gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wá a dáadáa o, torí àyà yìí ò lè gba kíkó lọ kíkó bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ kó.”

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọ̀rọ̀ yẹn bá Ọ̀gá Pákó délé, ó bá a sùn, ó bá a jí.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé. Ó ti gbá yàrá méjì mọ́ sílẹ̀ dè wọ́n nínú ilé rẹ̀. Ọ̀gá Pákó kò tíì jókòó tó fi lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ó ti ìka bọ àárín pákó méjì, ìka náà yọ sí òdì kejì. Ó wo fèrèsé, àlàfo. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, àlàfo.

“Ta ló kan èyí?”

“Káfíńtà ni, Bàbá.”

“Irọ́ ni. Alápatà ni.”

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì wúkọ́.

“Bàbá, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ná,” ni ọmọ wí. “Ara Màámi ni kẹ́ ẹ wò.”

“Ara rẹ̀ ni mo ń wò yìí. Ìyá rẹ ò ní sùn nínú apẹ̀rẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe kọjá sí òkè nìyẹn. Oṣù tí oòrùn ń mú ni. Nínú ilé tí wọ́n mú wọn lọ wò, Ọ̀gá Pákó fi ìka kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn, ó sì pàdé wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pa ìwé dé. Ó fọwọ́ ra etí rẹ̀. Ẹnìkan ti fi ìfági fá a ni, ó ń jọ̀lọ̀. Inú káfíńtà dùn dọ́ba.

“Oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń gbé ìlú yìí,” ló wí.

Onílé, àgbà ọkùnrin kan tó wọ súẹ́tà, dúró ní ìta ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tíṣà fa ọkọ rẹ̀ lápá.

“Ẹ bi í, kí ló dé tó wọ súẹ́tà nínú oòrùn?”

“Ó ti dàgbà ni.”

“Ẹ̀yin náà ti dàgbà, ẹ ò wọ nǹkan kan.”

“Tíṣà, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. A ò sí ní kíláàsì o.”

Tíṣà fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ ilé, ọkọ òun ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n kó lọ sí òkè. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dára, Tíṣà tilẹ̀ ń kọrin díẹ̀díẹ̀ bó bá ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀gá Pákó ń dúpẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní oṣù kẹrin, kùrukùru gòkè wá láti inú àfonífojì, ó jókòó lórí ìlú, kò sì dìde mọ́. Aṣọ tí wọ́n sá fún ọjọ́ márùn-ún kò gbẹ. Ògiri ń làágùn, ohun dúdú kan sì ń hù ní igun yàrá. Ikọ́ padà dé, èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn há. Ọ̀gá Pákó fà á títí kó tó ṣí. Ó gbé ìfági jáde, ó ń fá etí rẹ̀. Onílé ń kọjá lọ, òun náà mú ìfági tirẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tiyín? Bí a ṣe ń fá a lọ́dọọdún nìyẹn bí kùrukùru bá ti dé.”

“Ìgbà wo ló máa lọ?”

“Á lo tó oṣù mẹ́jọ.”

Onílé kọjá lọ. Ọwọ́ Ọ̀gá Pákó dúró lórí pákó. Etí ilẹ̀kùn tó ń jọ̀lọ̀ lọ́jọ́sí, omi ló mú un wú tí wọ́n fi fá a. Ó wá rántí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ létí òkun, kò rí pákó tó gbẹ débi tó fi súnkì rí. Gbogbo àlàfo ilé ọmọ rẹ̀ yẹn, gbígbẹ ni. Ibi tí dókítà ní kó wá, ó ti tìka bọ̀ ọ́, ó sì bú u.

Ó ránṣẹ́ sí ọmọ, ọmọ sì gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó Tíṣà mi orí.

“Kọ́nà òkè yìí pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí ẹ bá gbé wọn sọ̀kalẹ̀ báyìí, ẹ ò ní gbé wọn dé ìsàlẹ̀ láàyè.”

“Bí kùrukùru bá wá lọ ńkọ́?” ni ọmọ béèrè.

Nọ́ọ̀sì ń kó oògùn sínú àpò. 

Nígbà tí ọmọ jáde lọ sunkún sínú ọkọ̀, Ọ̀gá Pákó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

“Tíṣà, mo ṣì í. Ilé ọmọ yẹn ló yẹ ká lọ.”

“Mo mọ̀.” Èémí rẹ̀ ń já. “Ara mi sọ fún mi... níbẹ̀.”

“Kí ló dé tó ò wí?”

“Ẹ ń wo ilẹ̀kùn.”

Ì bá jẹ́ pé ó bú u ni, ì bá sàn. Ọ̀gá Pákó dìde, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ó fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri tó ń sun omi.

“Ibí ńkọ́?”

Tíṣà mi orí. Ó fà á sí abẹ́ fèrèsé.

“Ibí ńkọ́?”

“Ó tutù.”

Gbogbo ìpínlẹ̀ ló wà níwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò létí òkun. Nísinsìnyí, yàrá kan ló kù. Ó fà á sí àárín yàrá, ó fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé e ró. Tíṣà fọwọ́ sọ fún un pé kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà. Ọ̀gá Pákó gbà á, àdúrà kúkúrú, kò sí ìlérí kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dúró de “Àmín” ìyàwó rẹ̀. Ètè Tíṣà ń mì, ohùn kò jáde. Ó bá a ṣe é. Ó ṣe Àmín tirẹ̀, ó sì ṣe ti ìyàwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Olúwa fúnra rẹ̀ yan ibùgbé fún yín. Kí ó má jẹ́ kí ohun tí ẹ mọ̀ dí yín lójú sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ti ṣì í yàn, kí Ó má fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní òun nìkan. Àmín.