Ọdún Tí Àkùkọ Ò Kọ Mọ́ ní Òkè-Ìmẹ̀sí

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àkùkọ Òkè-Ìmẹ̀sí a máa kọ débi pé ará Ẹ̀fọ̀n ń tọrọ oorun lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ti Tíṣà Bánjọ wá burú jù. Bó bá kọ lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn òkè tó yí ìlú ká á gbà á lẹ́nu ara wọn, wọ́n á máa kọ ọ́ kiri títí di oúnjẹ ọ̀sán. Lásúnkànmí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti Ìkirè wá tẹ̀dó síbẹ̀, kì í lo aago. Ó ní àkùkọ yẹn ló kọ́kọ́ kí òun káàbọ̀ sí ìlú.

Ni lúkúlúkú bá dé. Ọrùn adìẹ á lọ́ sẹ́yìn, á pòòyì, á kú. Kò pẹ́ tí ìlú fi pa rọ́rọ́. Oòrùn gan-an ò mọ ìgbà tó yẹ kó yọ mọ́, ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ bí akọ̀wé ìjọba.

"Lásún ló kó o wá!" Tíṣà Bánjọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé òkú àkùkọ rẹ̀ sókè ní gáréèjì. "Adìẹ Ìkirè tó kó sórí bọ́ọ̀sì ni! Àjèjì, kó ẹrù ẹ, máa lọ!"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ibí ni wọ́n bí àwọn ọmọ mi sí."

"Kí wọ́n máa bá ọ lọ!"

Kò sẹ́ni tó wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ tó máa ń sùn lábẹ́ rẹ̀ pàápàá kó lọ sábẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù sẹ́nu ọ̀nà.

Dorcas, ọmọ Tíṣà tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko n'Ìbàdàn, ló wálé lọ́jọ́ kejì. "Bàbá mi, ẹ má tíì lé èèyàn. Fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tí ojú ò lè rí, ló ń fa lúkúlúkú, ó sì ní ìdílé bíi tiwa. Ara rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n fi lẹ́tà kọ. Bó ṣe ń bímọ, lẹ́tà ń yí díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá kà á, a ó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá."

"Èmi tí mo fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní A-B-D, n kò rí i lára adìẹ rí!"

Dorcas gé orí àkùkọ náà sínú fúláàsì oníyìnyín. Ó tún fi òwú nu ọ̀fun tòlótòló bàbá rẹ̀, èyí tí Tíṣà rà lóko adìẹ kan lọ́nà Iléṣà kí lúkúlúkú tó dé.

"Ìyẹn náà kẹ̀? Òtútù ló mú un!"

Lásúnkànmí ló gbé Dorcas padà lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n yà ní Ìkirè, wọ́n fi òwú nu ọ̀fun adìẹ kan tó ń ṣàìsàn lọ́jà. Bí bọ́ọ̀sì bá bọ́ sí kòtò, Lásúnkànmí á yíjú sẹ́yìn, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ orí àkùkọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ Dorcas n'Ìbàdàn kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun fún kíkà. Òjò rọ̀, òjò dá. Ẹrù ṣì wà ní dídì, aláǹgbá ti bímọ, bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni Dorcas padà dé gáréèjì. "Ti Ìkirè yàtọ̀, ìdílé mìíràn ni. Ṣùgbọ́n ti àkùkọ yín àti ti tòlótòló yín bára mu bí ìbejì. Bàbá mi, ìgbà wo ni tòlótòló yẹn ti ń sín?"

Tíṣà fẹ́ yọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Lásúnkànmí wí. "Bọ́ọ̀sì mi ló wọ̀. Orí ẹsẹ̀ Tíṣà ló jókòó sí, tó ń sín sí mi lọ́rùn láti Iléṣà. Mo tún ń kí i ní pẹ̀lẹ́!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àpáta kan ṣí nídìí, kò sì tíì padà sípò títí dòní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà Bánjọ fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù wọ̀nyẹn wọlé padà, tòun ti aláǹgbá. Ó na ọmọ àkùkọ kan sí Lásúnkànmí. "Gbà, kó máa jí wa. Ulé rẹ nìyí, má lọ síbì kankan."

"Tíṣà, ṣé ẹ ti ka lẹ́tà ara rẹ̀?"

"Gbà á jàre, aláìlójútì!"

Tíṣà ti lọ sọ́run báyìí, Oǹdó ò sì jọba lórí wa mọ́. Ìran àkùkọ yẹn ṣì ń kọ lẹ́yìnkùlé Lásúnkànmí, àmọ́ kò lè jí ju àdúgbò kan lọ. Bó bá ti kọ, Lásúnkànmí tó ti darúgbó á dúró, á dẹtí sí àwọn òkè, bóyá wọ́n á gbè é.