Tábìlì Tó Di Kàǹtà

Ó ti pẹ́ tí Olúkẹ́mi ti ń bẹ ọkọ rẹ̀, Túbọ̀sún, pé kó bá òun ṣe kàǹtà sí ilé ìdáná wọn ní Ìbarà. Nígbà tí Túbọ̀sún ráyè, kò ra pákó. Ilé bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ní Ìgbẹ̀in ló lọ, ó gbé tábìlì ìrókò tí gbogbo ìdílé wọn máa ń jẹun lórí ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Ó fi ayùn gé e, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, ó sì kàn án mọ́ ògiri. Inú Olúkẹ́mi dùn gan-an.

Nígbà tí Hephzibah, ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, wá kí wọn láti Èkó, ó fọwọ́ pa kàǹtà náà.

"Túbọ̀sún, ṣé kì í ṣe tábìlì bàbá wa nìyí?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ẹ ò nílò ẹ̀ ni."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tó láyè ni. Mo fẹ́ gbé e síbẹ̀, ká tún lè jọ máa jókòó yí i ká lọ́jọ́ Kérésì. Kí ló dé tó ò bi mí?"

Túbọ̀sún ní òun á kan òmíràn fún un. Hephzibah mi orí pé rárá. Kò pariwo, àmọ́ kò jẹun. Túbọ̀sún sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Kútọ̀.

"Iṣẹ́ ẹ dáa," Hephzibah sọ fún un kí ọkọ̀ tó gbéra. "Igi mìíràn ló yẹ kó o lò."

Ọkọ̀ ti lọ tán kí Túbọ̀sún tó rí ohun tó máa sọ: "Ẹ má bínú."