Ẹ Máa Bù Ú Fúnra Yín

Inú ti ń bí Morádéyọ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù, kí Bàbá Mọ́gàjí tó fi ẹsẹ̀ kan ilé oúnjẹ rẹ̀ rárá. Àgbọn tó rà l'Ọ́jà'ba, ìdajì rẹ̀ ló ti kan. Wọ́n mú iná lọ nígbà tó yẹ kí fáànù máa fẹ́. Comfort àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tún tẹ́ aṣọ tábìlì sódì. Ọjọ́ tó sì yẹ kí gbogbo nǹkan gún régé nìyí o!

Ohun tó ń wá kò ju yàrá ńlá ìsàlẹ̀ ilé bàbá wọn ní Bẹẹrẹ lọ, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè Mapo. Ilé ẹbí ni, Bàbá Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí ẹbí ló sì láṣẹ lórí rẹ̀. Ó ti gbà kí Morádéyọ̀ fi ibẹ̀ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò ná. Ní báyìí, Joseph oní-táyà tó wà ní òdìkejì títì fẹ́ gbà á kó máa kó ẹrù sí. Bàbá ní òun máa wá jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé òní, pé lẹ́yìn náà lòun máa sọ ẹni tó ni yàrá. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ Joseph, iṣẹ́ Morádéyọ̀ parí nìyẹn, torí apá rẹ̀ kò ká ibòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dáná fún Màdáàmù Sítì, ìyàwó onímọ̀ ìrẹsì kan tó wá láti Màléṣíà. Ọwọ́ obìnrin náà ló ti kọ́ oúnjẹ ìlú wọn. Nígbà tí tọkọtaya náà padà sílé lọ́dún 1983, Morádéyọ̀ kun yàrá yìí ní àwọ̀ ewé, ó ra àga tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja tí wọ́n sè nínú omi àgbọn pẹ̀lú ewé tíì, àti sàté, ẹran tí wọ́n fi igi gún yan bíi sùyà, tí wọ́n ń tì bọ ọbẹ̀ ẹ̀pà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti Agodi wá jẹ ẹ́. Ẹlòmíràn á de táì, ẹlòmíràn á wọ sálúbàtà, kò sẹ́ni tó ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ará àdúgbò nìkan ni kì í wọlé. Wọ́n ní ewé tí àwọn fi ń se àgbo ibà ló fi ń se ọbẹ̀, pé ṣé ara àwọn oníbàárà rẹ̀ ò yá ni. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Morádéyọ̀ wọ egungun.

Òfin kan wà tí Màdáàmù Sítì kọ́ ọ: wọn kì í bu oúnjẹ fún ènìyàn láti kíṣíìnì. Àárín tábìlì ni gbogbo abọ́ máa ń wà, kí oníkálukú máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Morádéyọ̀ di òfin náà mú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́.

Bàbá Mọ́gàjí dé lọ́sàn-án, òun àti Olúwọlé àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú àgbà méjì mìíràn nínú ilé. Morádéyọ̀ àti Comfort kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá ṣí fìlà, ó fi lé ojú fèrèsé, ó jókòó. Wọ́n gbé ìrẹsì, ẹja àti sàté wá, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

"Ẹ máa bù ú fúnra yín, Bàbá," ni Morádéyọ̀ wí. "Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn." Ó bá wọ kíṣíìnì lọ.

Bàbá wo ṣíbí. Ó wo Olúwọlé. Olúwọlé wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Bàbá Mọ́gàjí, kò bu oúnjẹ fúnra rẹ̀ rí. Ìyàwó ló ń bù ú, tàbí ọmọ, lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù kò sì jẹ́ na ọwọ́ sí ẹja tí ẹ̀gbọ́n wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Ni àwọn àgbàlagbà mẹ́rin bá jókòó yí oúnjẹ gbígbóná ká, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ òkú.

Comfort yọjú wò wọ́n, ó sáré padà. "Àǹtí mi, ẹ lọ bu oúnjẹ fún Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọn ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ilé oúnjẹ nìyí, kì í ṣe agboolé. Àwọn ọ̀gá Agodi ń bù ú fúnra wọn, ọwọ́ wọn ò gé."

"Àwọn ọ̀gá Agodi kọ́ ló ni ilé."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an ló bí i nínú jù. Ta ni kò mọ̀ pé Bàbá kì í bu oúnjẹ? Ọmọ ilé náà ni òun náà! Ṣùgbọ́n ó ti sú u kó máa tún gbogbo nǹkan ṣe torí àwọn tó ń pe ọbẹ̀ rẹ̀ ní àgbo. Ó ká ọwọ́ gbera, kò lọ.

Ọ̀rá ti ń dì lójú ọbẹ̀ nígbà tí Bàbá wú ikọ́. Ó mu omi. "Morádéyọ̀, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ rẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kó gbèrú." Gbogbo wọn ṣe àmín, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Oúnjẹ wà níbẹ̀ digbí.

Láti ojú fèrèsé, Morádéyọ̀ rí Bàbá tó sọdá títì lọ bá Joseph. Ó rí Joseph tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tó dìde, tó tún dọ̀bálẹ̀. Ó kúrò lójú fèrèsé.

"Gbé ẹja yẹn padà sórí iná," ló sọ fún Comfort. "Àwa la máa jẹ ẹ́."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu tirẹ̀ tán, orí ẹja ló fi lé ìrẹsì lójú, ni Bàbá wọlé. Fìlà tó gbàgbé ló padà wá mú.

"Ẹ wá bá wa jẹun, Bàbá." Ẹ̀kọ́ ilé ló sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ó ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀, ó ti ti àwo tirẹ̀ síwájú àgbà.

Bàbá jókòó. Ó ní "Bisimilahi". Ó jẹ ẹ́. Ó ká ọwọ́ agbádá sí èjìká, ó fa egungun orí ẹja mu, ó fi ọ̀kan nínú sàté nu ìdí àwo, òógùn bò ó.

"Kí ló dé tí o ò gbé e fún mi báyìí látàárọ̀?" ló bi í. "Mo rò pé o ń fi wá ṣẹ̀sín ni. Kí n máa bu oúnjẹ jẹ fúnra mi nílé ọmọ mi, bí ẹni tí kò ní ènìyàn?"

Morádéyọ̀ gbé omi sún mọ́ ọn. "Bàbá, yàrá náà ńkọ́?"

Ọwọ́ Bàbá dúró. "Mo ti fún Joseph. Ó ti dọ̀bálẹ̀ lójú títì, gbogbo ayé ti rí i. Mi ò lè pa ohùn dà mọ́, ìwọ náà mọ̀."

Comfort sá wọ kíṣíìnì. Bàbá wo inú àwo, ojú ń tì í.

"Níbo lo máa wá kó o lọ báyìí?" Tọkàntọkàn ló fi bi í. "Jẹ́ kí n mọ ibẹ̀, kí n lè máa wá jẹ ẹ́."

Ó na àwo sí i. Ó ń ṣe Morádéyọ̀ bíi kó fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ó gbà á, ó bu ìrẹsì, ó bu ẹja lé e, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un.