Páànù Tí Bàbá Fi Bo Irin

Iṣẹ́ obìnrin yìí kò le láti ṣàlàyé. Sátẹ́láìtì kan wà lójú ọ̀run tó ń wo ilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, tó sì ń sọ bí omi inú ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Irin ẹlẹ́nu mẹ́ta kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, òun náà ń sọ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ ẹni òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni ilẹ̀, kó wò ó bóyá ó ṣọ̀kan, òun ni wọ́n gbà á síṣẹ́ fún. Adájọ́ ni àwọn ará ọ́fíìsì ń pè é, nítorí ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjì tí kò ríra wọn rí.

Ibùdó mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Márùn-ún kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ìkẹfà ló ń ṣe oríkunkun. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, sátẹ́láìtì ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti mu omi tó ogójì nínú ọgọ́rùn-ún; irin ní irọ́ ni, méjìlá péré ni. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan ni ibùdó yìí wà, lẹ́yìn ilé bàbá Adájọ́ gan-an, bàbá náà ló sì ń mójú tó irin ọ̀hún. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni tí kì í purọ́ kódà fún oníbàárà tó ń kánjú. Ta wá ni kí ọmọ gbà gbọ́, bàbá rẹ̀ ni àbí ohun tó ń yí kiri lókè tí kò nílé? Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé igi àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló ń da sátẹ́láìtì láàmú níbẹ̀, ọ̀gá sì fọwọ́ sí i.

Òfin wọn ni pé lóṣooṣù, kí ẹnì kan lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, kó bu erùpẹ̀ sínú agolo, kó wọ̀n ọ́n, kó yan án títí yóò fi gbẹ, kó tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín ni omi. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá agolo jiyàn. Lóṣù yìí, Adájọ́ lọ sí ibùdó márùn-ún. Nígbà tó kan ìkẹfà, ó ní, "Bàbá mi ṣáà wà níbẹ̀," ó sì jókòó sílé. Ọ̀lẹ ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ó kàn da aṣọ ìfẹ́ bora ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, tí oòrùn ń ràn yòò lójú fèrèsé ọ́fíìsì ní àjà kẹta, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù láti kí i.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Òjò ọ̀dọ̀ yín ńkọ́?"

"Àbíkẹ́yìn mi, kò tíì gbẹ́nu sílẹ̀ láti ìjẹta. Ilẹ̀ ti rọ̀ débi pé bí mo bá gbẹ́sẹ̀, bàtà á dúró."

Adájọ́ wo ojú kọ̀ǹpútà. Méjìlá.

"Irin yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Ìyẹn? Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ. Ẹ̀kán omi kan ò kàn án. Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni mo ti fi páànù ṣe òrùlé sí i lórí, mo sì gbẹ́ kòtò yí i ká kí àgbàrá má bàa débẹ̀. Ìwọ lo ṣáà ní kí n tọ́jú ẹ̀. Káfíńtà wo ló ń fi irinṣẹ́ sílẹ̀ sínú òjò?"

Ó wá yé Adájọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni irin fi ń sọ òtítọ́ nípa ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju àwo lọ, ilẹ̀ abẹ́ páànù, òun sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹni òkè ló ń purọ́. Gbogbo òkè yẹn ló ti mu omi yó.

Bàbá kò mọ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní ilẹ̀kùn yàrá òun kò tì mọ́ láti àárọ̀. Igi ló wú, òun á fá a díẹ̀ bójò bá dá. Adájọ́ dìde lórí àga. Wọ́n ti kọ́ ọ níléèwé pé bí ilẹ̀kùn ilé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè bá ṣàdédé kọ̀ tí kò tì mọ́, kì í ṣe igi ló ń wú, ilẹ̀ ló ń rìn.

"Bàbá, ẹ jáde nínú ilé yẹn. Ẹ sọ fáwọn ará àdúgbò kí wọ́n jáde. Mò ń pè yín padà."

Ó sáré lọ rọ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fun fèrè ìkìlọ̀. Ọ̀gá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni, tó wá ń sá fún ekòló. Ní èṣí, ó pàṣẹ kí wọ́n fun fèrè ìkìlọ̀ ní òkè yẹn kan náà, ilé méjìlélógún kó jáde, wọ́n sùn sórí pápá iléèwé fún òru mẹ́ta nínú òjò, òkúta kan kò sì yí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

"Nọ́ḿbà tó bá tinú ilẹ̀ wá ni òfin sọ," ó ní. "Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé sátẹ́láìtì ń ṣìnà níbẹ̀, ibi tí o fọwọ́ sí rèé. Mi ò lè fun fèrè tìtorí páànù àti ilẹ̀kùn. Fún mi ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo látinú ilẹ̀, kó ṣáà ti ju márùndínlógójì lọ, mo máa fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀."

"Ọ̀nà wákàtí mẹ́ta ni, sà. Bàbá mi ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀." Ó ti ṣí ìdérí bírò rẹ̀. "Nọ́ḿbà kan, Adájọ́."

Ó pe bàbá rẹ̀ padà. Bàbá ti jáde, ó ti kan ilẹ̀kùn mẹ́rin, wọ́n sì ti fi í rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà mẹ́rin.

"Wọ́n ní ṣé ti èṣí ni mo tún fẹ́ dá sílẹ̀," ó ní. "Wọ́n ní arúgbó ti ń ṣarán. Bí wọn ò bá gbọ́ fèrè, wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Kí ló ń dá ọ̀gá yín dúró?"

Adájọ́ sọ fún un. Òjò ń pariwo lẹ́yìn ohùn Bàbá bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀.

"Ṣé irin yẹn nìkan ló kù?"

Adájọ́ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Láti ẹ̀yìn ilé títí dé ìdí irin, igba ìṣísẹ̀ ni, òkè sì ni gbogbo rẹ̀. Orúnkún ọ̀tún Bàbá kò ká láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó la ẹnu láti sọ pé, ẹ má lọ. Ó rántí ilé méjìlélógún. Ó rántí ìyàwó dírẹ́bà tó ń gbé nílé tó tẹ̀ lé ti Bàbá, tí àwọn ìbejì rẹ̀ kò tíì lè rìn. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á sọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ò ní sọ ọ́.

"Àbíkẹ́yìn, ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá."

"Tí mo bá fà á yọ, tí mo gún un sínú ẹrẹ̀ níta, ṣé ó máa kà á?"

"Ó máa kà á."

"Kò burú. Fóònù àti òjò ò bára wọn ṣe, mò ń fi í sílẹ̀ fún ìyàwó dírẹ́bà."

"Bí ẹ bá ti gún un tán, Bàbá, ẹ tètè sọ̀kalẹ̀ o," ni Adájọ́ ń wí, àmọ́ Bàbá ti pa fóònù.

Ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, méjìlá. Ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, méjìlá. Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Adájọ́ ń ka ìṣísẹ̀ Bàbá lọ́kàn, ó ń ṣàṣìṣe, ó ń padà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, òdo ló jáde.

"Ó ti bàjẹ́," ni ọ̀gá wí.

"Kò bàjẹ́, sà. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n. Ọwọ́ Bàbá mi ló wà."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e gùn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọ̀gá kò jókòó kó tó fọwọ́ sí ìwé, ó sì ti ń pàṣẹ lórí fóònù kí tádàwà tó gbẹ. Wọ́n fun fèrè. Sátẹ́láìtì ti sọ mẹ́rìnlélógójì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹjọ́ tí Adájọ́ ti ń dá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà parí, ẹlẹ́rìí méjèèjì sọ ohun kan náà, ìdùnnú kankan ò sì sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rù nìkan ló kún ibẹ̀.

Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn pé, nọ́ḿbà ò wá. Òfìfo ni ibi tó yẹ kó wà lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n dúró de èyí tó kàn, òun náà ò wá.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ni ọ̀gá wí, àmọ́ kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀ kí fóònù tó dún. "Bàbá Mi" ló hàn lójú rẹ̀. Omijé ti bọ́ lójú Adájọ́ kó tó gbé e sétí.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ọmọ ló ń ké lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ méjì, lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan.

"Èmi ni, Àǹtí. Ìyàwó dírẹ́bà ni. Pápá iléèwé la wà. Bí fèrè ṣe dún la jáde, a ò tíì rìn jìnnà tí òkè fi ya. Ilé mẹ́sàn-án ló gbé lọ, tiwa wà ńbẹ̀, ti Bàbá náà wà ńbẹ̀. Kò séèyàn kankan nínú wọn. A ti ka ara wa lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá nìkan ló kù."

Adájọ́ tẹ fóònù mọ́ etí.

"Lẹ́nu ọ̀nà mi ni Bàbá ti fún mi ní fóònù. Mo ní níbo lẹ ń lọ nínú òjò yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ àwọn ló rán àwọn níṣẹ́, àwọn ń bọ̀ báyìí. Àwọn ọkùnrin ibí ti gbé ṣọ́bìrì, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbẹ́. Àǹtí, níbo lẹ rán wọn lọ?"

Ọ̀gá na ọwọ́ pé kó gbé fóònù fún òun. Adájọ́ ò fún un.

"Òkè ni," ó wí. "Òkè ni mo rán wọn lọ."