Síkúrù Méjì-Méjì Lára Àjà

Ọkàn Wendell kò balẹ̀. Ó ti kan àjà yàrá méjì tán nínú ilé tuntun kan ní Sudbury, ní Kánádà, ó ku yàrá kan, ọ̀la sì ni àwọn tó máa fi ẹfun dí ojú síkúrù ń bọ̀. Síbẹ̀, ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ àjà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá mu kọfí yín, ó ti ń tutù o." Réal ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́: Réal a gbé pátákó ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà sókè, Wendell a fi síkúrù dè é mọ́ igi àjà.

"Kọfí ò ní sá lọ. Gbé àkàbà wá."

Ọ̀rọ̀ bébà ni gbogbo ará ibi iṣẹ́ mọ̀ mọ́ Wendell lẹ́nu. Bébà tó bo ojú pátákó ẹfun ló ń jẹ́ kí síkúrù dì í mú. Kí orí síkúrù rì díẹ̀ ni. Tó bá ti gé bébà, ọ̀ṣọ́ lásán ni síkúrù náà, kò di nǹkan kan mú mọ́. Ó ti fi èyí bú èèyàn títí ó fi sú wọn.

Ó gun àkàbà, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú síkúrù, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Àkọ́kọ́ ti gé bébà. Ìkejì náà ti gé e. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìka méjì sí i, síkúrù mìíràn wà níbẹ̀ tó jókòó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ògiri.

"Réal, ta ló fi ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ tèmi?"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní ta ni!"

"Èmi ni. Tí ẹ bá ti lọ jẹun."

"Ilé yìí nìkan?"

Réal tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Láti ìgbà yìnyín èṣí."

"Lóṣù tó kọjá, mo pè ẹ́ ní ọ̀lẹ níwájú gbogbo ayé."

"Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀."

"O ò sì fọhùn!"

"Kí ni kí n wá sọ?"

Ojú ti Wendell débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ẹ̀rọ síkúrù sí Réal, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé pátákó àkọ́kọ́ fún yàrá tó kù ka orí.

"Tètè dè é jàre," ni ó wí. "Ó wúwo."