Márùn-ún Di Mẹ́wàá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tí ìṣirò ń pa bí ọtí, ẹ wá Gilbert Ṣóyẹmí lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ Odò-Iṣin ni, abúlé kékeré kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Bí ènìyàn bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ abúlé náà, wọ́n á kí i ní pẹ̀lẹ́ láti ìparí rẹ̀.

Lọ́dún 1986, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo sí agbègbè náà. Odò-Iṣin ń fẹ́ ẹ. Ìta-Orógbó, ìlú ńlá tó wà ní òdìkejì odò, náà ń fẹ́ ẹ. Ọ̀gá tó wá láti káńsù sọ pé ibi tí ìbímọ bá ti ń yára pọ̀ sí i jù ni àwọn máa kọ́ ọ sí.

Bàbá Èṣùbíyìí ló sọ̀rọ̀ fún Ìta-Orógbó. Ó ní ọgọ́ta ọmọ ni wọ́n bí lọ́dún 1984, wọ́n bí àádọ́rùn-ún lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì jókòó. Gilbert dìde. Ní Odò-Iṣin, ọmọ márùn-ún ló di mẹ́wàá láàárín ọdún méjì kan náà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ márùn-ún, kò dárúkọ mẹ́wàá. Ó ní ohun tó lé ni à ń fi wé ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ló lé lórí ọgọ́ta ní Ìta-Orógbó, ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ti Odò-Iṣin, ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún géérégé ni.

Bàbá Èṣùbíyìí béèrè pé ọgọ́rùn-ún kí ni. Gilbert rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ náà jìn díẹ̀. Ọ̀gá káńsù, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò yé òun náà, mi orí, kò sì béèrè iye ọmọ.

Irọ́ kọ́ ni Gilbert pa, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ẹni tó ní igi ọsàn kan tó wá gbin ìkejì, ọsàn rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ kó o? Gilbert mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́.

Odò-Iṣin gbé e jó. Wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí síbẹ̀, nọ́ọ̀sì Edith dé, ó sì ń rí àyè hun súẹ́tà dáadáa. Gbogbo ìgbà tí Gilbert bá wálé tó gba ibẹ̀ kọjá, kì í gbọ́ igbe ọmọ, ojú a sì tì í bí ẹni tó gba ẹran lẹ́nu ọmọdé. Nígbà tó gbọ́ pé Adétóun, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ìta-Orógbó, ti lóyún, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Oyún náà pé nínú òjò. Nígbà tí ìrọbí mú Adétóun, George ọkọ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di Odò-Iṣin. Odò ti kún, kẹ̀kẹ́ kò lè kọjá, ló bá pọ̀n ọ́n la omi já. Etí odò ló bí ọmọ náà sí. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Edith, ọmọ ti tutù. Ìyá nìkan ni Edith rí gbà là.

Lọ́jọ́ kejì ni Gilbert dé ilé ìgbẹ̀bí náà. Ìyá wọn ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó tún ní bí kì í bá ṣe ti Gilbert tó gba nọ́ọ̀sì wá, agbè náà ì bá fọ́. Àwọn ará ilé ń ṣe àmín, Gilbert kò lè gbé ojú sókè. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́ gidigidi.

Nígbà tó ku òun àti àbúrò rẹ̀, Adétóun náà ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣeun o."

Kò lè gba ọpẹ́ yẹn. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti iye ọmọ tó fi pa mọ́. Adétóun gbọ́ ọ tán.

"Ọgbọ̀n ọmọ ló lé lọ́dọ̀ wa," ó ní. "Márùn-ún lọ́dọ̀ yín. Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mo mọ̀."

Ó kọjú sí ògiri. Kò pariwo. "Ẹ lọ sọ ọ́ fún George. Láti àná ló ti ń sọ pé ẹsẹ̀ òun ni kò yá."

George wà níta. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àna. Ó ní kí wọ́n foríjì òun, òun ni kò tètè gbé ọmọ wọn dé.

Gilbert kò ní kó dìde. A kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ àbúrò wa, kò sí ẹni tó rí i rí ní Odò-Iṣin. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ George nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọmọ ìlú méjèèjì fún un, láti orí ọgọ́ta dé orí mẹ́wàá tó fi pa mọ́.